Ẹ Wo Ẹnu Ọmọ Kí Ẹ Tó Ra Ìpara fún Orí Ọmú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Lọ́dọọdún, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo ayé bá ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Ìfọ́mọlọ́yàn, rédíò, tẹlifíṣàn àti ìwé ìròyìn a máa rọ àwọn abiyamọ pé omi ọmú nìkan ni kí wọ́n fún ọmọ títí tí yóò fi pé oṣù 6. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, a sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọin-gbọin. Àmọ́ ìyálọ́mọ kan wà nílé tí orí ọmú rẹ̀ ti sán, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń já nígbàkigbà tí ọmọ bá ti sunkún, nítorí ó mọ̀ pé ọmú ló ń bèèrè. Ìpolongo náà kì í sọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe. Nítorí tirẹ̀ ni àwa agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wa jẹ́ títọ́jú ìyá àti ọmọ jòjòló fi kọ lẹ́tà yìí.

Ìwádìí ìlera ìdílé tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, nǹkan bí 29 péré ló ń mu omi ọmú nìkan. Tí a bá ń ka ohun tó fà á, a máa ń dárúkọ omi tí ìyá àgbà ní kí wọ́n fún ọmọ nítorí ooru, a máa ń dárúkọ àgbo, a sì máa ń dárúkọ ọ̀gá tó ní kí ìyálọ́mọ tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. A kì í dárúkọ ìrora. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin tí orí ọmú ń ro lóru ọjọ́ kẹrin, tí agolo wàrà sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, tó bá pò ó fún ọmọ, ta ló fẹ́ bá a wí?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé, "Mú un mọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wá, á lọ." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ó sì ní ibi tó ti jẹ́ òótọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, orí ọmú lè máa ro díẹ̀ nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ fà á. Ìyẹn kì í pẹ́. Kí ẹ tó ka oókan dé ọgbọ̀n, ó yẹ kó ti rọlẹ̀, kò sì yẹ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ìrora tí kò lọ títí ọmọ fi mumú tán, tàbí tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tàbí orí ọmú tó là, tó bó, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn ti kọjá ohun tí à ń mú mọ́ra. Nǹkan kan ló ń fà á, nǹkan ọ̀hún sì ṣeé tún ṣe.

Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ẹnu ọmọ ni nǹkan ọ̀hún wà. Ẹ fi ahọ́n yín kan àjà ẹnu láti ẹ̀yìn eyín òkè, kí ẹ máa fà á lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó le níwájú, ó sì rọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ rí. Ẹ̀bá ibi tó ti ń rọ̀ yẹn ló yẹ kí orí ọmú dé nínú ẹnu rẹ̀. Tó bá dé ibẹ̀, kò sí ohun tó ń họ ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí ọmú nìkan ni ọmọ fi ẹnu mú, tí kò gbà nínú ara dúdú tó yí i ká, ahọ́n rẹ̀ á máa lọ orí ọmú mọ́ àjà ẹnu tó le yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ọmọ tuntun sì ń mumú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Awọ wo ni kò ní bó? Ohun kan náà ló fà á tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fi í yó. Ara ọmú, lẹ́yìn ibi dúdú yẹn, ni omi ọmú ti ń wá. Ọmọ tó ń fa orí ọmú lásán á fà á títí, kò ní rí tó, á sunkún, wọ́n á tún gbé e sí i, egbò á sì máa jinlẹ̀.

Àmì kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ wo orí ọmú ní kété tí ọmọ bá fi í sílẹ̀. Tó bá gùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì rí roboto, ọmọ mú un dáadáa. Tó bá pẹlẹbẹ, tó dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ìlà funfun kan dá a láàárín, ọmọ ti tẹ̀ ẹ́ pa nínú ẹnu, kódà bí kò bá tíì là. Ó yẹ kí gbogbo agbẹ̀bí mọ àmì yìí ju orúkọ ìpara èyíkéyìí lọ.

Bí a ṣe gbé ọmọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ìyá jókòó, kó fẹ̀yìn tì. Kó má ṣe tẹ̀ síwájú láti gbé ọmú lọ bá ọmọ, ọmọ la ń gbé wá bá ọmú. Ìrọ̀rí tàbí ìró tí wọ́n ká lè wà lábẹ́ ọmọ kó fi ga tó. Kí ikùn ọmọ kọjú sí ikùn ìyá, kí etí, èjìká àti ìbàdí rẹ̀ wà lórí ìlà kan. Ọmọ tí wọ́n tẹ́ gbalaja, tí wọ́n wá yí ọrùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè gbé e mì dáadáa. Ẹ gbìyànjú àtimu omi bí ẹ ṣe yíjú sí èjìká yín, ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ. Imú ọmọ ni kó dojú kọ orí ọmú, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Èyí máa ń ya àwọn ìyá lẹ́nu, àmọ́ òun ló ń mú kí ọmọ gbé orí sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lanu, tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ kan ọmú.

Ẹ fi orí ọmú kan ètè òkè ọmọ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dúró. Ẹ má ṣe kánjú níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: ọmọ la ẹnu díẹ̀, wọ́n ti ki ọmú bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó la ẹnu gbàgà. Nígbà tó bá là á gbàgà ni kí ẹ fi ọwọ́ tó wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀ gbé e mọ́ra kíá, kí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ jìnnà sí orí ọmú. Ẹ má ṣe ti orí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọmọ tí wọ́n bá ti orí rẹ̀ a máa ta á padà, á sì fi erìgì há orí ọmú. Tí ọmú bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé e, kí àtàńpàkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ìka yòókù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí gbogbo wọn jìnnà sí ara dúdú, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó bá bí ètè ọmọ ṣe là mu, bí a ṣe ń tẹ búrẹ́dì Agége pọ̀ kó tó lè wọ ẹnu. Àwọn ìyá wa fẹ́ràn láti fi ìka méjì há orí ọmú nítorí wọ́n ń bẹ̀rù kó má lọ dí imú ọmọ. Ìka méjì yẹn ló ń fa orí ọmú jáde lẹ́nu ọmọ. Tí imú ọmọ bá fẹ́ dí, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ fà mọ́ra sí i, orí rẹ̀ á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, imú á sì ráyè mí.

Tó bá ti mú un bó ṣe yẹ, ẹnu rẹ̀ á là gbàgà, ètè ìsàlẹ̀ á yí síta, àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọmú, ara dúdú tó hàn lókè ẹnu á sì pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kún, kò ní jìn sínú. Á kọ́kọ́ fà á kíákíá, lẹ́yìn náà á máa fà á pẹ̀lú sùúrù, á gbé e mì, á sinmi, á tún fà á. Tí ẹ bá ń gbọ́ ìró tà-tà-tà bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń já, tàbí tí ìrora kò rọlẹ̀, ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tún un gbé. Àmọ́ ẹ má ṣe fà á yọ o. Fífà yọ nìkan tó láti la orí ọmú tó ti rọ̀ fún itọ́. Ẹ fọ ìka ọmọńdinrín mọ́, ẹ ki í bọ igun ẹnu ọmọ láàárín erìgì méjèèjì kí afẹ́fẹ́ wọlé, ọmú á bọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá gba pé kí ẹ tún un gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó fara da ẹyọ ìgbà kan tí kò dára, nítorí pé ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu, ló máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta jìyà rẹ̀.

Obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún lè gbé ọmọ sábẹ́ abíyá, kí ẹsẹ̀ ọmọ wà lẹ́yìn ìyá, kó má baà tẹ ojú abẹ. Ó sì lè dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ kọjú sí i. Yíyí bí a ṣe ń gbé ọmọ padà tún ń ran ẹni tó ti ní egbò lọ́wọ́, torí ibi tí ẹnu ọmọ ń tẹ̀ jù á yípadà, ojú egbò á sì sinmi.

Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí omi ọmú bá dé, ọmú lè gan débi pé ara dúdú á le bí òkúta, ẹnu ọmọ á sì máa yọ̀ bọ̀rọ́ lórí rẹ̀ wá sí orí ọmú nìkan. Ọ̀pọ̀ egbò ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Kí ẹ tó gbé ọmọ sí i, ẹ to orí ìka yí orí ọmú ká, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn sí àyà láìfagbára ṣe é, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, tàbí kí ẹ fún omi ọmú díẹ̀ dànù kí ibẹ̀ rọ̀. Aṣọ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọmọ tó mu kò burú, aṣọ tútù lẹ́yìn tó bá mu tán sì ń mú kí wíwú lọlẹ̀. Omi tó ń hó tí a fi ń tẹ ọmú, pẹ̀lú fífi agbára wọ́ ọ, ni a bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ń jó awọ, ó sì ń ṣe inú ọmú léṣe.

Ti ẹni tí orí ọmú rẹ̀ wọnú tún nìyí. Síríìnjì oní-10 tàbí oní-20 mílílítà, tí kò tíì kan abẹ́rẹ́ rí, lè ṣèrànwọ́. Ẹ fi abẹ mímọ́ gé ibi ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ bọ̀ kúrò pátápátá. Ẹ fa ọ̀pá tó wà nínú rẹ̀ yọ, kí ẹ wá tì í wọlé láti ibi tí ẹ gé. Ẹnu kejì tí ó dán, tí abẹ kò kàn, ni kí ẹ gbé lé orí ọmú. Ìyá fúnra rẹ̀ ni kó fa ọ̀pá náà, díẹ̀díẹ̀, kó má dùn ún, kó dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kó tó gbé ọmọ sí i. Kó tó yọ ọ́ kúrò, kó ti ọ̀pá náà padà díẹ̀. Tí ẹ bá gbé ẹnu tí ẹ gé lé ọmú, ẹ ti dá egbò mìíràn sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọmú tó ti sán. Ọmú tí ìrora rẹ̀ kéré jù ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu, torí ìgbà tí ebi ń pa á ló ń fa ọmú le jù. Kí ẹ má dúró títí ọmọ á fi máa ké tantan kí ẹ tó fún un. Tó bá parí, ẹ fún omi ọmú kán sí méjì, ẹ fi pa orí ọmú, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́ kí ẹ tó wọ kọ́mú. Kọ́mú tó fún, aṣọ tó rin, àti páàdì ọmú tó ní rọ́bà lẹ́yìn kì í jẹ́ kí egbò gbẹ. Òwú tàbí aṣọ mímọ́ tó fẹ́lẹ́, tí ẹ ń pààrọ̀ bó bá ti tutù, ló dára. Tí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ fi omi mímọ́ rẹ ẹ́ kí ẹ tó ṣí i, kí èépá má baà já.

Wíwẹ̀ ojoojúmọ́ pẹ̀lú omi lásán tó fún orí ọmú. Ẹ wo àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára ibi dúdú náà dáadáa: àwọn ló ń pèsè òróró tí ń dáàbò bo awọ ibẹ̀. Ọṣẹ, ìbáà ṣe ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ òyìnbó, ń bó òróró yìí kúrò. Sípíríìtì àti omi apakòkòrò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà kí aboyún máa fi kànìnkànìn họ orí ọmú láti oṣù keje kó lè "yi." Kì í yi. Á kàn ti bó kí ọmọ tó dé ni.

Àwọn ènìyàn á bi wá nípa ìpara. Lanolin tí wọ́n sọ di mímọ́, èyí tí ń wá láti ara irun àgùntàn, kò ní ewu, a kì í sì í fọ̀ ọ́ kúrò kí ọmọ tó mu. Ìwọ̀n tó fẹ́lẹ́ lórí egbò ti tó. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá owó nítorí rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí Cochrane, àjọ àgbáyé tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó àwọn ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ ní 2014, wọ́n rí i pé omi ọmú ìyá, tàbí kí a má fi nǹkan kan sí i rárá, lè ṣiṣẹ́ bíi lanolin tàbí kó tún sàn jù ú lọ, àti pé ohun yòówù kí àwọn ìyá náà lò, ìrora ọ̀pọ̀ wọn ti rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10 lẹ́yìn ìbímọ. Òrí àti àdí àgbọn tí ó mọ́, tí wọn ò fi nǹkan kan lú, a kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn. Àmọ́ òrí tó wà nínú igbá gbangba lọ́jà, tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń wọ̀, ẹ má gbé e sójú egbò tí ẹnu ọmọ máa kàn.

Àwọn kan wà tí a ò gbọdọ̀ fi sí i rárá. Rọ́ọ̀bù wà lára wọn, torí mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti káńfọ̀ inú rẹ̀ lè dí ọmọ tuntun lọ́nà èémí. Oyin náà wà níbẹ̀: ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ tọ́ oyin wò, nítorí kòkòrò tó lè wà nínú rẹ̀ lè rọ ọmọ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Èyí tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ jù ni kíríìmù tí kẹ́míìsì ń tà pé ó ń wo mẹ́ta pọ̀, tó ń pa kòkòrò, tó ń wo ara yíyún, tó sì ń wo ifo. Sítẹ́rọ́ọ̀dù tó lágbára, ìyẹn oògùn tó ń mú wíwú àti yíyún rọlẹ̀, ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ara á kọ́kọ́ tù ìyálọ́mọ, lẹ́yìn náà awọ á fẹ́lẹ́ sí i, á sì tún là ní kíá, ọmọ á sì máa lá a mì.

Tí ìrora bá pọ̀ jù, parasitámọ́ọ̀lù oní-500 mílígíráàmù méjì, ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kí ọmọ tó mu, kò ní pa ọmọ lára. Kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ láàárín wákàtí 24. Tí kò bá ṣeé fara dà síbẹ̀, ọmú náà lè sinmi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi ọmú dúró sínú rẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi àtàńpàkò sókè, ìka méjì sísàlẹ̀, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 sí orí ọmú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn sí àyà, kí ẹ wá fún àtàńpàkò àti ìka pọ̀, kí ẹ dẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún un ṣe. Ìka kò gbọdọ̀ máa yọ̀ lórí awọ. Yíyọ̀ ló ń bó o, kì í sì í mú omi jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹ yí ìka lọ sí ibòmíràn. Ife kékeré tó mọ́ ni kí ẹ fi fún ọmọ. Ẹ gbé e jókòó, ẹ gbé etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀, ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Fídà ni kí ẹ yẹra fún ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, torí bí ọmọ ṣe ń fa rọ́bà yàtọ̀ sí bó ṣe ń fa ọmú, ó sì lè gbé àṣà rọ́bà wá sórí egbò yín. Omi ọmú tí ẹ fún lè wà níta fún wákàtí 4 níbi tí kò gbóná, tàbí nínú fíríìjì fún ọjọ́ 4. Nínú ooru ọ̀sán tiwa, ẹ tètè lò ó.

Àwọn tó padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ ìfúnmú náà ń ní egbò. Ẹnu ẹ̀rọ tó kéré ju orí ọmú lọ ń há a, wọ́n sì máa ń yí agbára rẹ̀ sókè pátápátá nítorí wọ́n ń kánjú. Ẹ dín in kù sí ibi tí kò ti dùn yín.

Ẹ̀jẹ̀ láti ojú egbò lè wọ ikùn ọmọ, kó pọ ọ́, tàbí kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni, kì í sì í pa ọmọ lára, kò sì tó ìdí láti dá ọmú dúró. Ṣùgbọ́n ti ìyá tó ní kòkòrò HIV yàtọ̀, a sì fẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn. Obìnrin tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ lọ́mú, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé sì nìyẹn. Àmọ́ orí ọmú tó là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ń fi kún ewu kí kòkòrò kọjá sára ọmọ. Kó fi ọmú náà sílẹ̀ títí yóò fi jinná, kó máa fún omi rẹ̀ dànù, kó máa fi èkejì bọ́ ọmọ, kó má fo oògùn tirẹ̀ àti ti ọmọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá jẹ́ ọmú méjèèjì ló là, kó má dúró di ọ̀la.

Ìgbà mìíràn wà tí ọmọ mú ọmú dáadáa, tí ìrora sì wà síbẹ̀. Tí ẹ bá ti ń fún ọmọ lọ́mú láìsí wàhálà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí orí ọmú méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó yín, tó ń yún, tó ń dán, tí ìrora sì ń ta wọ inú ọmú lẹ́yìn tí ọmọ mu tán, ẹ wo ẹnu ọmọ. Omi ọmú tó lẹ̀ mọ́ ahọ́n a máa nù kúrò. Funfun tí kò nù, tí abẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹ bá fi aṣọ kàn án, Candida ni, kòkòrò kan tó ń hù sí ẹnu ọmọ àti orí ọmú. Ìyá àti ọmọ la jọ ń tọ́jú lọ́jọ́ kan náà. Tó bá jẹ́ ọmọ nìkan la tọ́jú, ara ìyá ni yóò ti tún un kó. Nystatin tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu ní mílílítà 1 lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ lẹ́yìn tó bá mumú, pẹ̀lú ìpara oríṣi kan náà fún orí ọmú, ni ilé ìwòsàn sábà máa ń kọ. Ẹ lò ó pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kódà bí funfun náà bá ti lọ ní ọjọ́ kẹta.

Ahọ́n tó so náà wà. Tí ọmọ bá fẹ́ yọ ahọ́n síta tí kò lè kọjá erìgì, tí ẹnu ahọ́n sì ya sí méjì bó ṣe ń gbìyànjú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ gé e nílé. Ẹ̀jẹ̀ abẹ́ ahọ́n ṣòro dá dúró lára ọmọ jòjòló. Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó, ní àsìkò òtútù, lè rí i pé orí ọmú funfun báláú lẹ́yìn tí ọmọ mu tán, kó wá di aró, kó sì máa ta wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀ nítorí òtútù. Ẹ fi ọwọ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ bò ó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí kò bá dáwọ́ dúró. Ti ọmọ tó ń hu eyín, tó ń géni jẹ, kò le: ẹ má fà á sẹ́yìn, ẹ fà á mọ́ ọmú sí i. Á la ẹnu láti mí, ọmú á bọ́.

Ojú egbò ni kòkòrò ń gbà wọ inú ọmú. Tí apá kan ọmú bá pọ́n, tó le, tó gbóná, tí ara ìyá sì ń gbóná tí òtútù ń mú un, ẹ má dá ọmú dúró. Kí ọmọ máa mu ún, kí ìyá sinmi. Tí kò bá dẹwọ́ láàárín wákàtí 24, tàbí tí ọyún bá ń jáde lójú egbò, tàbí tí kókó kan wà nínú ọmú tí kò rọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ mu tán, ilé ìwòsàn ló kù. Kókó tó ti gba ọyún sínú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a ń fi ewé gbígbóná dì nílé. Dókítà ló ń fà á.

Olóòtú, ohun méjì la fẹ́ bẹ̀ yín fún. Ẹ bá wa ya àwòrán bí ọmọ ṣe ń gba ọmú sẹ́nu sí ojú ewé àwọn obìnrin kí oṣù kẹjọ tó dé, èyí tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkejì, ẹ bá wa bi àwọn ilé ìgbẹ̀bí, ti ìjọba àti ti aládàáni, bóyá nọ́ọ̀sì wọn máa ń jókòó ti ìyálọ́mọ láti ìgbà tí ọmọ bá la ẹnu títí dìgbà tó máa fi ọmú sílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó ní kó máa lọ sílé. Kì í gbà ju ogún sí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ìyálọ́mọ tí a kò bá ṣe é fún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ sì lè bá a béèrè.

Àwa ni tiyín,
Àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ìyá òun ọmọ,
Ìbàdàn.